Bi Ẹ̀rọ Léèrè Ohun Tí O Ti Mọ̀ Tẹ́lẹ̀

Tí wọ́n bá sọ fún mi ní láàbù pé ẹ̀rọ kan ti kú, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n: kí ló ń kọ nígbà tí nǹkan kan kò sí lára rẹ̀? Ẹni tó máa ń rí i dáhùn ṣọ̀wọ́n. Wọ́n ti so ohun tí wọ́n fẹ́ wọn mọ́ ọn, nọ́ńbà tó jáde kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì ti dájọ́ ikú fún ẹ̀rọ. Iṣẹ́ mi ni láti máa tọ́jú ẹ̀rọ ní láàbù físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan níbí ní ilẹ̀ Yorùbá. Bàbá Láàbù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun mi kò tíì funfun tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ti rí nínú iṣẹ́ yìí ni pé ẹ̀rọ tó kú gan-an kò pọ̀. Ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò bi ní ìbéèrè tó yẹ ló pọ̀.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Ẹ̀rọ méjì ni nínú àpótí kan. Apá kìíní ń pèsè iná: wàá sọ iye fóltì tí o fẹ́, láti orí èyí tí kò tó ti bátìrì rédíò títí dé 500, á sì gbé e jáde. Apá kejì ń ka kọ́rẹ́ńtì, ìyẹn bí iná tó gba inú ohun tí o so mọ́ ọn kọjá ṣe pọ̀ tó, ó sì lè ka èyí tó kéré gan-an. Áńpíà la fi ń wọn kọ́rẹ́ńtì; bí o bá pín áńpíà kan sí ọ̀nà tiriliọ̀nù kan, ìdá kan nínú rẹ̀ ni píkóáńpíà. Nínú píkóáńpíà kan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.24 ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn hóró tíntìntín tó ń gbé iná, ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iye yẹn lè dún bíi pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n ṣájà fóònù tó ń gbé áńpíà kan wọlé ń kó ìlọ́po tiriliọ̀nù kan rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìwọ̀n aláta láti fi wọn ìyẹ́ ẹyẹlé ló lè mọ ohun tí mò ń sọ. Afẹ́fẹ́ tó fẹ́ kọjá nìkan ti tó láti ba iṣẹ́ jẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ló ń lò ó. Ó fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ṣe ọ̀rá pẹlẹbẹ kan tó mọ́ gaara, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè dènà iná bíi ti rọ́bà tí wọ́n fi ń bo wáyà. Iṣẹ́ tó dáa ni. Ẹ̀gẹ́ kò wọ́n wa, rọ́bà tó ń jẹrà nínú ilẹ̀ sì sàn ju èyí tó ń dí gọ́tà lọ. Ó wọlé wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti ń rọ̀ láti òru.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Bàbá Láàbù, ẹ̀rọ yẹn ti kú o. Tí mo bá ní kó gbé 100 fóltì wá, kì í dáhùn. Tí mo bá dín in kù sí 10, ó ń gbé e, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó ń kọ kò dúró sójú kan. Àwọn ará yàrá kejì ní kí n yáa kọ lẹ́tà pé ó ti bàjẹ́."

Mo ní kó jókòó ná, kó má tíì kọ lẹ́tà. Àrùn méjì ló kà sílẹ̀ fún mi, ó sì rò pé ẹyọ kan ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ní apá tó ń fúnni ní iná àti apá tó ń kà á, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó wà lójú rẹ̀ kò lè sọ fún ọ èwo nínú wọn ló ń purọ́. Àfi kí o yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Georg Simon Ohm, ẹni tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pe òfin tí gbogbo ọmọ ilé ìwé girama ń kọ́, tí a sì fi orúkọ rẹ̀ pe óòmù, òṣùwọ̀n tí a fi ń sọ bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó, ohun tó dojú kọ òun náà nìyí. Ọmọ alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́rọ́ ni, wọ́n bí i ní ìlú Erlangen ní Jámánì ní ọdún 1789. Tíṣà ni ní ilé ìwé girama kan ní ìlú Köln, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àwọn irinṣẹ́ tó ń lò. Ó fẹ́ mọ bí gígùn wáyà ṣe ń dín agbára iná tó ń gbà á kọjá kù. Bátìrì ayé ìgbà yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi irin oríṣi méjì àti omi ásíìdì ṣe. Wàhálà bátìrì yẹn ni pé bí o bá ṣe ń lò ó ni agbára rẹ̀ ń rẹ̀. Kí Ohm tó pààrọ̀ wáyà kan sí òmíràn, iná tó ń ti ẹ̀yìn bọ̀ ti yí padà. Ìwé tó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní 1825 gbé òfin kan kalẹ̀ tí kò tọ̀nà.

Ẹni tó là á lójú ni Poggendorff, tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí Ohm ń kọ̀wé sí. Ó ní kó fi bátìrì yẹn sílẹ̀, kó lo ohun tí onímọ̀ físíìsì kan tó ń jẹ́ Seebeck rí ní 1821: bí o bá so irin oríṣi méjì pọ̀, tí ojú ìsopọ̀ kan gbóná tí èkejì sì tutù, iná á máa ṣàn. Ohm so bísímọ́ọ̀tì pọ̀ mọ́ bàbà. Ó ti ojú kan bọ omi híhó, ó sì gbé ojú kejì sínú yìnyín. Omi híhó kì í gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, yìnyín tó ń yọ́ kì í tutù ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà iná tó ń ti àárín wọn jáde kò yẹ̀. Ó wá fi abẹ́rẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì tó so rọ̀ sórí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ka kọ́rẹ́ńtì, ó ń wo bí yóò ṣe yí wáyà yẹn tó kí abẹ́rẹ́ tó padà sí ipò rẹ̀. Ní 1826 ni àbájáde tó tọ́ jáde, ó sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé ní 1827. Àwọn ará Jámánì ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ìgbà tó di 1841 ni Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London, fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yẹn ni pé wáyà kò ní ẹ̀bi, mítà kò ní ẹ̀bi. Ẹni tó ń pèsè iná ni kò dúró. Kò sì sí bí Ohm ì bá ṣe fi ojú wo abẹ́rẹ́ tó ń mì kó mọ ìyàtọ̀, àfi kó wá orísun iná tó dá a lójú.

Ẹ jẹ́ ká padà sí láàbù. Apá tó ń pèsè iná ni mo kọ́kọ́ mú. Mo tú gbogbo ohun tó so mọ́ ọn kúrò, mo gbé mítà ọwọ́ kan tì í lẹ́nu tààrà, mo ní kó gbé 5 fóltì wá. Mítà kọ 5. Mo ní 10, ó kọ 10. Mo ní 100, ẹ̀rọ kọ̀. Ó dáa, kì í ṣe pé ó kú, ó kọ̀ ni. Ìyàtọ̀ wà nínú méjèèjì, torí ẹ̀rọ tó kọ̀ máa ń ní ìdí.

Ìdí rẹ̀ wà lẹ́yìn. Irú ẹ̀rọ yìí ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan lẹ́yìn tí wáyà méjì ń ti ibẹ̀ lọ sára ìdérí àpótí tí a ń gbé ohun tí a fẹ́ wọn sí. Bí ìdérí bá wà ní títì, súwíìṣì kan á pa wáyà méjèèjì pọ̀, ẹ̀rọ á mọ̀ pé kò sí ọwọ́ èèyàn nínú rẹ̀. Bí ìdérí bá ṣí, kò ní gbé fóltì ńlá jáde, bó ti wù kí o tẹ bọ́tìnì tó. Mo ti ìdérí pa, mo fi mítà ọwọ́ sí ibi tó ti ń ké bí wáyà bá délé. Kò ké. Mo mi wáyà náà díẹ̀, ó ké, ó dákẹ́, ó tún ké. Sódà tó mú un mọ́ ẹsẹ̀ súwíìṣì ti là, ìlà kan báyìí tẹ́ẹ́rẹ́ tí o kò lè rí àfi kí o fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Mo yọ́ sódà tuntun sí i. 100 fóltì jáde, 500 náà sì jáde.

Ọ̀rẹ́ wa kan láti wọ́kùṣọ́ọ̀bù ti gbà wá nímọ̀ràn ṣáájú ìyẹn pé ká kúkú fi wáyà kan di ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn yẹn pọ̀, ká gbàgbé ọ̀rọ̀ ìdérí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ láàbù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé tó ń bá ẹ̀rọ báwọ̀nyí wá sọ ọ́ gbangba pé bí iná tó dúró lójú kan bá ti kọjá 60 fóltì, ewu ni fún ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. 500 kì í ṣe ẹgbẹ́ 60. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rá tí wọ́n fi irin há láàárín lè di iná mú lẹ́yìn tí o ti pa ẹ̀rọ. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú nítorí sítáàṣì ẹ̀gẹ́.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa mítà ọwọ́, nítorí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Mítà ọwọ́ kì í ṣe afẹ́fẹ́. Bíi mílíọ̀nù 10 óòmù ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí o bá gbé e tì sí ẹnu ẹ̀rọ tó ń pèsè iná, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á so ọ̀rá tó tó bílíọ̀nù óòmù kan sáàárín, á wá gbé mítà sí ìdí rẹ̀, á ní kí ẹ̀rọ gbé 100 fóltì wá, mítà á sì kọ nǹkan bíi fóltì 1. Ó tán, wọ́n á ní ẹ̀rọ ò gbé iná. Iná wà níbẹ̀. Inú ọ̀rá ló tán sí, mítà sì ń ka èyí tó ṣẹ́kù fún un.

Ìgbà tí apá kìíní ti wẹ̀ mọ́, ó ku apá tó ń ka kọ́rẹ́ńtì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, torí ibí ni iṣẹ́ wà.

Mo fi ìdérí irin bo ẹnu tí kọ́rẹ́ńtì ń gbà wọlé, mo jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná dáadáa, mo wò ó. Nọ́ńbà rọlẹ̀, ó sún mọ́ òdo. Mo ṣí i, mo so wáyà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ń lò mọ́ ọn, kò sí nǹkan kan ní ìdí kejì. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Mo fi ìka kan wáyà náà, nọ́ńbà fò sókè. Èyí kì í ṣe àrùn ẹ̀rọ rárá. Bí o bá ń tẹ wáyà lásán, tí o ń mì í, rọ́bà inú rẹ̀ ń fara gbún irin tó yí i ká, ìfaragbún yẹn sì ń bí iná díẹ̀, bí kóòmù ṣe máa ń fa irun ní àsìkò ọyẹ́. Wáyà kan wà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, tí wọ́n fi èédú kun inú rẹ̀ kí ìfaragbún náà má baà di nǹkan. A kò ní i. Mo fi téèpù lẹ tiwa mọ́ tábìlì láti orí dé ìdí, mo ní kí wọ́n má ṣe fara kàn án. Ìyẹn nìkan mú un rọlẹ̀ púpọ̀.

Àmọ́ ó ṣì ń gbọ̀n, gbígbọ̀n kan tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Mo wọ inú àtòjọ ètò rẹ̀, mo sì rí i níbẹ̀: wọ́n ti ṣètò rẹ̀ fún iná tó ń yí ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Tiwa ń yí ní ìgbà 50. Ẹ̀rọ yìí máa ń kó gbogbo ohun tó bá rí láàárín yíyí kan jọ, á sì pín in dọ́gba, kí ìlọsókè àti ìsọ̀kalẹ̀ iná inú ilé lè pa ara wọn rẹ́. Bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ fún 60, á kó ti mìlísẹ́kọ́ńdì 16.67 jọ, nígbà tí yíyí kan nínú iná tiwa ń gba 20. Èyí tó ṣẹ́kù kò rí ẹni pa á rẹ́. Mo yí i sí 50. Gbígbọ̀n yẹn lọ. Nígbà tí wọ́n mú iná lọ ní ọ̀sán tí a sì tan jẹnẹrétọ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ tún padà, nítorí jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró sí 50 gééré. Iṣẹ́ tó bá kéré gan-an, iná bátìrì ínfátà ni mo máa ń dá a lábàá fún, bó bá jẹ́ pé èyí tó ń gbé iná tó mọ́ jáde ni.

Ẹ̀bùn láti òkè òkun ni ẹ̀rọ náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fi ṣe ẹ̀bùn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan nínú páálí rẹ̀, àwọn tó gbà á fún wa yà fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún láàbù ilẹ̀ wa ní ẹ̀rọ, kó jọ̀ọ́ tẹ ìwé ìlò rẹ̀ sínú bébà, kó sì fi wáyà tó bá a mu kún un. Ìyẹn wúlò ju fọ́tò lọ.

A wá dé ibi tó ká mi lára jù. Rẹ̀sísítọ̀ kan, ohun kékeré tí wọ́n ṣe láti dènà iná ní ìwọ̀n pàtó, wà lọ́wọ́ mi tí ó jẹ́ bílíọ̀nù óòmù kan, inú gíláàsì ni wọ́n dì í sí, wọ́n sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára. Ẹsẹ̀ wáyà rẹ̀ nìkan ni mo máa ń dì mú, torí òógùn ọwọ́ tó bá kan gíláàsì yẹn á di ọ̀nà tí iná lè gbà lọ. Bí òfin Ohm bá ṣì wà, pé bí o bá fi óòmù pín fóltì wàá rí kọ́rẹ́ńtì, 10 fóltì lórí bílíọ̀nù óòmù kan gbọ́dọ̀ fún mi ní nánóáńpíà 10, ẹgbẹ̀rún píkóáńpíà sì ni nánóáńpíà kan. Mo so ó mọ́ ẹ̀rọ ní ìta àpótí, ó kọ 10, pẹ̀lú ìyàtọ̀ kékeré tí kò tó nǹkan. Mo gbé e sínú àpótí tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ń lò. Ó kọ 13.

Mo yọ rẹ̀sísítọ̀ kúrò, mo fi àpótí sílẹ̀ lófìfo, mo ní kó gbé 10 fóltì wá. Ó kọ 3.

Àpótí náà rẹwà, káfíńtà tó kàn án mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n puláíwúùdù ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì de ìṣó onírin méjèèjì tí iná ń gbà wọlé àti jáde mọ́ igi tààrà. Igi ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Ní àsìkò òjò, puláíwúùdù yẹn di rẹ̀sísítọ̀ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun yòówù tí o bá gbé sínú rẹ̀. Ó burú jù fún ọ̀rá ẹ̀gẹ́, torí sítáàṣì náà ń mu omi. Ẹni tó bá rí i tí kọ́rẹ́ńtì ń pọ̀ sí i bí òjò ṣe ń rọ̀ á sọ pé, "Ẹ wò ó, ọ̀rá wa ń mu omi," á sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé àpótí ló mu ún.

A gé Tẹ́fúlọ́ọ̀nù, ike kan tí kì í mu omi, láti ara ọ̀pá kan tó wà ní wọ́kùṣọ́ọ̀bù, a fi gbé ìṣó méjèèjì kúrò lórí igi. A fi sípírìtì nù ún, kò sí ẹni tó fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́. Àpótí òfìfo wá ń kọ nọ́ńbà tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a lè gbójú fò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ náà tún ọ̀rá rẹ̀ wọ̀n, kọ́rẹ́ńtì tó rí kéré jìnnà sí èyí tó ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, torí ọ̀rá rẹ̀ dára ju bó ṣe rò lọ. Èmi ni inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí ni pé àpótí yẹn ti pẹ́ ní láàbù kí ọmọbìnrin yìí tó dé. Àwọn kan ti lò ó, wọ́n ti kọ ìwé àṣekágbá wọn, wọ́n ti dì í, ó ti wà ní láíbìrì. Wáyà tó já kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, torí ẹ̀rọ kọ̀ gbangba, ó ní òun ò ṣe. Nọ́ńbà tó ń sá kiri náà kò tan èèyàn jẹ, ojú ń rí i. 13 tó dúró sójú kan, tí kò mì, tó jọ òótọ́, ìyẹn ni mo bẹ̀rù. Mo lọ sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ká kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, ká sì fi àtòjọ nọ́ńbà tí àpótí òfìfo ń kọ sínú ìwé ọmọbìnrin náà, kí ẹni tó bá ń ka ti àtijọ́ lè mọ iye tí yóò yọ kúrò. Mo gbóríyìn fún un fún ìyẹn.

Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ó ku àléébù kan nínú rẹ̀ tí n kò lè wò: ní ibi tó kéré jù lọ, ó ń fi píkóáńpíà bíi méjì kún ohun tó bá rí. Àfi kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣàtúnṣe òṣùwọ̀n, owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ àti bọ̀ nìkan sì ju owó tí wọ́n ń fún láàbù wa lọ. À ń yọ méjì kúrò, à ń bá iṣẹ́ lọ.

Àpótí onígi mìíràn ṣì wà nínú ilé yìí, wọ́n sì ń lò wọ́n lójoojúmọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rẹ̀sísítọ̀ mi kiri láti yàrá dé yàrá. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi tòun sílẹ̀ ná, pé ìwé kan tí òun fi ránṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olóòtú, àti pé òun ò fẹ́ ariwo kí wọ́n tó gbà á. Mo ní mo ti gbọ́, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti wá yá rẹ̀sísítọ̀ náà lọ́wọ́ mi lánàá.